Ọkọ̀ Tí Rọ̀kíbátù Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Rì

Ìyá ìyá mi, Rọ̀kíbátù, kì í bẹ̀rù ènìyàn. Mo bá a láyé nígbà tó ti darúgbó, tí eyín iwájú rẹ̀ ti lọ, síbẹ̀ bí ó bá bojú wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wàá tún aṣọ ọrùn rẹ ṣe. Ìyá mi, Sìlífátù, ló sọ ìtàn ọkọ̀ yìí fún mi, kò sì sú mi rí, nítorí èmi náà kórìíra oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń fi ìpayà jẹun.

Èkó ni wọ́n bí Rọ̀kíbátù sí. Nígbà tí ogun lé ọba wọn kúrò ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kó sínú ọkọ̀ tẹ̀lé e, òun àti ọkọ rẹ̀, Sàlísù, wà lára àwọn tó gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ kan ni wọ́n bá dé, ọkọ̀ ńlá tí wọ́n gbẹ́ jáde láti inú igi kan ṣoṣo. Inú rẹ̀ ni wọ́n kó ẹní àti ìkòkò sí, inú rẹ̀ náà ni wọ́n tẹ́ Sìlífátù sí, tó wà lọ́mọ ọwọ́ nígbà náà. Ọkọ̀ yẹn ni wọ́n sì fi tún ayé bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń fi kó iyọ̀ àti aṣọ lọ sí ọjà Èjìnrìn, wọ́n ń ra epo bọ̀; nígbà mìíràn wọ́n á lọ títí dé Ìkòròdú. Sàlísù ń tukọ̀, ìyàwó rẹ̀ ń tajà. Nígbà tó yá, ìyàwó náà gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọwọ́ òun kò rọ. Òun ni wọ́n wá ń pè ní Rọ̀kíbátù Ọlọ́kọ̀, ó sì fẹ́ràn orúkọ náà ju ẹ̀gbà ọrùn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Ẹ̀pẹ́ ṣe rí nígbà náà. Àwọn ará Èkó ń gbé apá tiwọn, àwọn Ìjẹ̀bú tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ ń gbé apá tiwọn. Wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń ra ọjà lọ́wọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n kí ará Èkó lọ béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lọ́wọ́ apẹja Ìjẹ̀bú? Láéláé! Wọ́n ní àwọn ti ń bá òyìnbó ṣòwò lójú omi, kí ni apẹja fẹ́ kọ́ àwọn? Àwọn ènìyàn mi ni mo ń bú yìí, mo sì mọ̀ ọ́n. Ìgbéraga yẹn gan-an ni Tìrìmísíyù fi ń jẹ iyán.

Agbẹ́kọ̀ ni Tìrìmísíyù, ará Èkó bíi tiwọn. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lóòótọ́, kò sí ẹni tó lè tún un ṣe bíi tirẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí ọkọ̀ tí kò bàjẹ́ lójú rẹ̀.

Sàlísù kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́. Ibà ló pa á. Rọ̀kíbátù wọlé, ó jókòó opó, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kan ọkọ̀ náà ní gbogbo ìgbà yẹn. Wọ́n fà á gòkè, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí iyanrìn, oòrùn ń pa á, ọyẹ́ ń fẹ́ lù ú. Ọjọ́ tí opó parí, tí Rọ̀kíbátù jáde, etí ọ̀sà ló kọ́kọ́ lọ. Ó ní kí wọ́n ti ọkọ̀ òun sómi. Wọ́n tì í sómi, omi sì ń wọlé bíi pé asẹ́ ni.

Ó ránṣẹ́ pe Tìrìmísíyù. Tìrìmísíyù dé, ó yí ọkọ̀ po, ó pòṣé, ó fi òòlù kan ìdí rẹ̀, ó mi orí.

Ó bi í pé, “Ta ló gbẹ́ ọkọ̀ yìí fún yín?”

“Bàbá kan ní Èkó. Ó ti kú.”

“Kí Ọlọ́run forí jì í,” ni Tìrìmísíyù wí. “Ìyá Sìlífátù, ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún? Ìdí rẹ̀ ti jẹrà. Èyí tí ẹ rí yìí kéré, èyí tí ẹ ò rí ló pọ̀. A ó gé gbogbo ìdí rẹ̀ kúrò, a ó fi pákó tuntun sí i, a ó fi oje igi dí i yí ká. Ó di ìgbà òjò kó tó parí. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì wọ̀ yín lọ́rùn jù, ẹ tà á fún mi, kí n fi dáná.”

Bísíríyù dúró níbẹ̀. Òun ni ẹ̀gbọ́n Sàlísù, òun sì ni baálé ilé náà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ̀rù omi ló ń bà á. Ọkọ̀ ti dà á nù rí, láti ọjọ́ náà ni kò ti gba ọ̀sà gbọ́ mọ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ agbẹ́kọ̀, ojú rẹ̀ yí padà.

Ó ní, “Ìyàwó, bí ọkọ̀ yìí kò bá léfòó kí ọjà Èjìnrìn tó ń bọ̀ tó pé, màá tà á fún un. Ìwọ náà á jókòó sílé, wàá máa ta nǹkan wẹ́wẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò mi ti lọ. Mi ò ní wá gbé òkú ìyàwó rẹ̀ jáde nínú omi.”

Rọ̀kíbátù fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Ó wọlé, ó sunkún, ìyá mi rí i. Kì í ṣe owó ló ń sunkún sí. Ikú ti gba ọkọ rẹ̀, wọ́n tún fẹ́ gba ọkọ̀ tó fi ń jẹ́ Rọ̀kíbátù Ọlọ́kọ̀. Kí obìnrin tó ń tukọ̀ lọ sí Ìkòròdú wá máa lé eṣinṣin lórí àgbàdo sísè lẹ́nu ọ̀nà!

Obìnrin kan tó ń ta ẹja, Mùnírátù, wá kí i kú ìrójú. Ọmọ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ni, ọ̀rẹ́ ọjà ni wọ́n. Ó bá Rọ̀kíbátù lẹ́yìn ilé, tó gbé àáké dání, tó fẹ́ la ọpọ́n igi rẹ̀ fún igi ìdáná. Ọpọ́n náà ti sán láti etí dé ìdí.

Mùnírátù pariwo. “Ẹ dúró ná! Kí ni ọpọ́n yẹn ṣe yín?”

“Ṣé o ò rí i pé ó ti sán ni?”

“Ọyẹ́ ló fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ gbé òkúta lé e, kí ẹ gbàgbé rẹ̀.”

Wọ́n rẹ ẹ́ sómi. Nígbà tí Rọ̀kíbátù rántí gbé e jáde, ojú sísán náà ti pa dé. Ó bu omi sínú rẹ̀, ó gbé e lé itan, ó ń wò ó. Ìró tó ró mọ́dìí kò tutù. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ́, ó ń wo ọpọ́n, ó ń wo ìró. Ṣebí igi ni èyí? Ọkọ̀ ńkọ́, irin ni?

Ó dìde, ó lọ sí apá àwọn Ìjẹ̀bú, níbi tí bàbá Mùnírátù àti àwọn apẹja ń kó ọkọ̀ sí. Ó bá àwọn ọkọ̀ bíi mélòó kan nínú omi tí kò jìn, wọ́n rì títí dé etí, òkúta wà nínú wọn. Ó ti ń rí irú wọn láti ọdún tó ti dé Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ló rò pé wọ́n jẹ́. Ó bi bàbá náà. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní ọkọ̀ tó bá máa sinmi lásìkò ọyẹ́, inú omi ló ń sinmi sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á sán. Ó ní Tìrìmísíyù náà mọ̀ ọ́n. Inú odò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ló ń ri ọkọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ sí, tí wọ́n bá ti pa dé á fi oje kùn wọ́n, á dá wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n, á gba owó pákó tuntun.

Rọ̀kíbátù ní, “Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?”

“Ẹ ò bi wá.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún bí ẹni gbá a létí, ó sì mọ̀ pé ó tọ́ sí àwọn.

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo ayé, Rọ̀kíbátù àti Mùnírátù ti ọkọ̀ náà sómi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ru òkúta sínú rẹ̀. Gbogbo etí ọ̀sà ló wá wòran. Àwọn kan ní ọ̀fọ̀ ti dà á lórí rú. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín débi tí wọ́n fi di ara wọn mú. Bísíríyù sáré dé, ó kawọ́ lérí.

“Ìyàwó! Ṣé o fẹ́ rì í ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Baálé mi. Ẹ ní kó léfòó kí ọjà tó pé. Ọjà ò tíì pé.”

Ọkọ̀ náà rì. Tìrìmísíyù wà láàrin èrò. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọjà ku ọ̀la, wọ́n kó òkúta kúrò, wọ́n gbé ọkọ̀ náà léfòó, wọ́n gbọ́n omi inú rẹ̀ títí ó fi gbẹ. Wọ́n dúró. Omi kan kò wọlé. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sún mọ́ ọn láti wò ó. Bísíríyù tilẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí Tìrìmísíyù rìn wá sétí omi.

Ó ní, “Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ. Etí omi ló ti ń ṣe jẹ́jẹ́. Tó bá dé àárín ọ̀sà, tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́, á là sí méjì. Mo ti sọ tèmi o. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má pè mí.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Bísíríyù. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni mo kórìíra jù láyé, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò lè já nírọ́ àfi tó bá fẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu.

Bísíríyù ní, “Ìyàwó, jẹ́ ká tà á.”

Rọ̀kíbátù fọwọ́ sí ìbàdí. “Baálé mi, ṣebí iyọ̀ yín ń lọ sí Èjìnrìn lọ́la? Ẹ kó o fún mi. Mi ò ní tẹ́ ẹní, mi ò ní to igi sábẹ́ rẹ̀. Ìdí ọkọ̀ lásán la ó dà á lé. Tí iyọ̀ bá yọ́, ẹ ta ọkọ̀, màá jókòó sílé, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà á bá mi lọ. Kí Tìrìmísíyù náà gbé òòlù àti oje rẹ̀ wá, kó jókòó síbi tó ní ó ti máa là.”

Èrò hó yeee. Bísíríyù wo ọ̀sà, ó wo èrò. Kò sí bó ṣe fẹ́ kọ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ó ní bí omi bá kan iyọ̀ òun, ọkọ̀ di ti Tìrìmísíyù lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú Tìrìmísíyù tàn. Ó ní òun á lọ. Ó mọ̀ pé omi tó ń kán lára àjẹ̀ nìkan tó láti ba iyọ̀ jẹ́. Kò mọ irú ẹni tó ń tukọ̀ náà ni.

Wọ́n gbéra lẹ́yìn tí oòrùn yọ. Mùnírátù wà níwájú, Rọ̀kíbátù wà lẹ́yìn, iyọ̀ wà láàrin, ó funfun báláú. Bísíríyù jókòó síbi kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, ó ń pe Ọlọ́run lábẹ́ ahọ́n. Tìrìmísíyù jókòó síwájú rẹ̀, ó ń ṣọ́ iyọ̀. Rọ̀kíbátù ń ti àjẹ̀ bọ omi jẹ́jẹ́, ó ń fà á jáde jẹ́jẹ́, kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan ta sí àárín. Inú rẹ̀ dùn. Ó ti pẹ́ tí atẹ́gùn ọ̀sà ti fẹ́ sí i lójú kẹ́yìn, ó sì dà bíi pé Sàlísù wà nítòsí.

Wọ́n kọjá ibi tí àwọn apẹja ri igi mọ́, omi dúdú, ilẹ̀ jìnnà lọ́tùn-ún lósì. Atẹ́gùn tutù, ọkọ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tìrìmísíyù ṣọ́ iyọ̀ títí ó fi sú u. Ó yán. Ó na ẹsẹ̀. Ó fi fìlà bojú. Nígbà tó ṣe, wọ́n gbọ́ ìró kan. Bísíríyù rò pé igi ọkọ̀ ló ń là, ó fò sókè díẹ̀. Ó tún fetí sílẹ̀. Tìrìmísíyù ló ń hanrun.

Bísíríyù wò ó. Ó wo omi. Ó tún wò ó.

“Ìyàwó.”

“Ẹ̀ẹ́n, Baálé mi.”

“Níbo la dé yìí?”

“Àárín gbùngbùn ọ̀sà.”

“Ṣé ibi tó ní ọkọ̀ á ti là nìyí?”

“Ibẹ̀ gan-an ni.”

Bísíríyù rọra jọ̀wọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

Ó ní, “Ọkùnrin yìí mà ń sùn.”

Rọ̀kíbátù tún ti àjẹ̀ bọ omi. Ó ń tukọ̀ lọ.

Èjìnrìn ni Tìrìmísíyù jí sí, nígbà tí iwájú ọkọ̀ kan iyanrìn. Ó bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti dé. Bísíríyù ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ iyọ̀ títí dé ìdí ọkọ̀, ó bù ú jáde, ó tú u sí àtẹ́lẹwọ́ agbẹ́kọ̀. Ó gbẹ táútáú.

Ó ní, “A dúpẹ́, Tìrìmísíyù. Ṣùgbọ́n tí a bá ń padà lọ, wá ọkọ̀ mìíràn wọ̀ o. Mo gbọ́ pé èyí lè là.”

Ọlọ́jà tó wà nítòsí kò mọ ohun tó ń pa Mùnírátù lẹ́rìn-ín tó fi jókòó sínú omi.

Wọ́n ta iyọ̀, wọ́n ra epo, wọ́n ṣẹ́rí padà sí Ẹ̀pẹ́. Ẹrù epo wúwo ju iyọ̀ lọ, afẹ́fẹ́ sì le díẹ̀. Rọ̀kíbátù fẹ́ sọ fún baálé rẹ̀ pé kó má bẹ̀rù. Ó bojú wo àárín ọkọ̀. Bísíríyù ti fi ẹ̀yìn ti ìkòkò epo, ó ti sùn lọ fọnfọn.