Òdo Ni Tíṣà Àkíbù Máa Fún Wa

Ejò bu Tíṣà Àkíbù ṣán lọ́rùn ẹsẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀, lọ́nà Lanlate, láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè. Kí wákàtí kan tó pé, ọlọ́kadà ti gbé e dé ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ oko náà jù. Kò sí abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò níbẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Ìbàdàn, ojú ọ̀nà ló sì kú sí. Níbi ìsìnkú, gbólóhùn kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wa: àmúwá Ọlọ́run ni, ọjọ́ rẹ̀ ló pé.

Àmúwá Ọlọ́run kẹ̀?

Èmi jókòó ní kíláàsì bàbá yìí ní Igbó-Ọrà. Ìtàn tó fẹ́ràn jù ni ti Amẹ́ríkà lẹ́yìn ogun abẹ́lé wọn, nígbà tí wọ́n dá àwọn ẹrú sílẹ̀, tí wọ́n fẹ́ tún ìlú tò. Á fa ṣòkòtò sókè, á ní: "Wọ́n yìnbọn pa Lincoln, ààrẹ wọn. Johnson, igbákejì rẹ̀, gorí àga. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń pín fún àwọn tó jáde lóko ẹrú, ó dá a padà fún àwọn ọ̀gá wọn àtijọ́. Ká ní ẹlòmíràn ló jókòó síbẹ̀ ńkọ́?"

Nínú ìdánwò, ó béèrè ohun tó fà á tí wọ́n fi gba ilẹ̀ náà padà, mo kọ ọ́ pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ ni. Òdo ló fún mi. Ó wá gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó yá mi ní ìwé tirẹ̀ tó fi kàlẹ́ńdà bò. "Ọláníyì, Ọlọ́run kọ́ ló fọwọ́ síwèé tó gba ilẹ̀ yẹn padà. Èèyàn ni. Lọ wá orúkọ rẹ̀."

Ó dáa, tíṣà mi, mo lọ wá a.

Ọdún mẹ́fà ni Nọ́ọ̀sì Ọláyídé fi ṣe olórí ilé ìwòsàn tí ọlọ́kadà gbé tíṣà mi lọ. Abẹ́rẹ́ oró ejò kì í wọ́n nínú fírìjì tó ń lo oòrùn níbẹ̀. Bí ó bá kù ọ̀kan, nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ á lọ sí Ìbàdàn. Èṣí ni wọ́n gbé nọ́ọ̀sì náà kúrò lọ síbòmíràn. Ilé náà kò yí padà, ejò kò yí padà. Olórí nìkan ló yí padà.

Mo lọ bá olórí tuntun nílé lọ́jọ́ Sátidé. Ó kí mi dáadáa, ó fún mi lómi tútù. Mo ti mu ún tán kí n tó rí fírìjì tó ti bù ú, tí nọ́ńbà ìjọba ṣì wà lára rẹ̀.

"Wọn ò mọ̀ ọ́n lò níbẹ̀," ó ní. "Mo ní kí n bá wọn tọ́jú ẹ̀."

Tọ́jú ẹ̀!  Ojú tì mí pé mo mu omi yẹn.

Màmá Mùínàt, opó tíṣà mi, bi mí pé: "Ọláníyì, ká ní nọ́ọ̀sì yẹn ṣì wà níbẹ̀, ṣé bàbá Mùínàt ì bá ṣì wà?"  Mo dáhùn báyìí, lójú gbogbo ayé: bóyá, mà, wọn ì bá ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa fún bàbá Mùínàt.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìlera, ta ló fọwọ́ síwèé tó gbé Nọ́ọ̀sì Ọláyídé kúrò? Ta ló mọ̀ pé fírìjì ti jáde, tó dákẹ́? Ẹ dá fírìjì náà padà lọ́sẹ̀ yìí, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ẹni náà fún opó yìí. Ẹ má sọ fún un pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ ni. Mo ti kọ ìdáhùn yẹn rí, mo sì mọ iye máàkì tí mo gbà.