Aṣọ Rọ́bà Tí Mo Wọ̀ Wọ Odò

Mo wọ odò lónìí, èmi tí odò gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ!

Ọmọ ọmọ mi tó ti Abijáàn dé fẹ́ lọ díje níbi ìlúwẹ̀ẹ́, àmọ́ aṣọ rọ́bà tí àwọn olúwẹ̀ẹ́ ń wọ̀ nítorí òtútù omi ń bà á lẹ́rù.

"Màmá, ó ń fún mi lọ́rùn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ojo! Bọ́ ọ, kí n wọ̀ ọ́."

Mo wọ̀ ọ́, mo rìn wọ omi dé àyà. Etí ibẹ̀ la sin ẹ̀gbọ́n mi sí, torí wọn kì í gbé òkú omi wọlé. Aṣọ náà fún mi lọ́rùn pinpin. Mo dúró, mo ń mí, títí ó fi dẹ̀.

Mo jáde, mo bọ́ ọ. Ọmọ náà gbà á wọ̀, ó lúwẹ̀ẹ́ lọ.

Ni ẹnì kan bá pe orúkọ tí ẹ̀gbọ́n mi nìkan ń pè mí. Mi ò dáhùn.

Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa dáhùn?