Ọjọ́ tí Ọ̀já Màmá Kò Já

Ọjọ́ Sátidé tí a lọ mú Màmá, ìyá bàbá mi, láti Ẹ̀pẹ́ wá sílé wa ní Lasunwon, ní Ìkòròdú, ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé.

Bàbá mi ló ń wa ọkọ̀, ìyá mi jókòó síwájú. Èmi, Màmá àti Fẹ́mi, àbúrò mi ọmọ ọdún méjì, wà lẹ́yìn. Mo de bẹ́líìtì. Wọ́n de Fẹ́mi mọ́ àga ọmọdé tirẹ̀, ó sì ń sunkún.

Màmá ní, "Ìyàwó mi, tú ọmọ yìí sílẹ̀. Ṣé ewúrẹ́ lẹ̀ ń gbé lọ sọ́jà ni?"

Ìyá mi ní, "Mà, inú àga yẹn ló yẹ kó wà."

"Ọ̀já ni mo fi pọn bàbá rẹ̀ dàgbà. Kò já rí."

Ìyá mi nawọ́ sẹ́yìn, ó tú u. Màmá gbé e lé itan, ó fi ọ̀já dì í mọ́ àyà, Fẹ́mi sì dákẹ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Ìkòròdú, ọ̀kadà kan já sí wa níwájú. Bàbá mi yà fún un, ọkọ̀ wa sì lọ gbá òpó iná. Bẹ́líìtì fà mí padà. Màmá kò de tirẹ̀. Òun àti Fẹ́mi jọ lọ gbá ẹ̀yìn àga iwájú, Fẹ́mi ló sì wà láàárín.

Ọ̀já náà kò já. Nọ́ọ̀sì ló tú u ní ọsibítù, ó sì sọ fún wa pé Fẹ́mi ti kú.

Wọ́n ti tún ọkọ̀ ṣe. Títí di òní, tí a bá ti wọ inú rẹ̀, Màmá á bèèrè pé, "Ṣé ẹ ti de ọmọ?" Bàbá mi á ní, "A ti dè é, mà." Àga Fẹ́mi ṣì wà lẹ́yìn, lófìfo. Èmi ni mo máa ń de bẹ́líìtì rẹ̀, kí bàbá mi má baà purọ́.