Ife Kékeré Tí Mo Ń Gbé fún Dádì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí a ń gbé nínú basement, yàrá abẹ́ ilé, ní àdúgbò Rundle lókè òkun níbí, èmi ni mo máa ń gbé ife agbo fún Dádì. Ife náà kò ju àtàǹpàkò lọ. Ara ìgò oògùn ikọ́ mi ni wọ́n ti yọ ọ́. Egbò igi tí màmá wọn fi ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta ni wọ́n rẹ sínú ọtí líle, òórùn rẹ̀ á sì bo ti ẹja díndín mọ́lẹ̀. Wọ́n á gbé e mì kí wọ́n tó jẹun, ojú wọn á fún pọ̀, wọ́n á ní agbo ni o, kì í ṣe ọtí. Èmi á máa rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ilé iṣẹ́ tí Dádì ti ń ṣe engineer dá wọn dúró. Mọ́mì, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ń gba shift kún shift. Agbo tí Dádì ń mu ṣáájú oúnjẹ wá di ti òtútù, ó di ti àìróorunsùn, ó di ti interview tí wọn ò pè wọ́n fún. Bí mo bá gbé ife kékeré dé, wọ́n á ní kí n lọ mú mug tíì wá. Àyà mi á já.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, snow bo títì. Mọ́mì pè pé bọ́ọ̀sì ò wá, kí Dádì wá gbé àwọn. Dádì dìde, wọ́n di ògiri mú, wọ́n ní kí n wọ coat mi. Ẹ̀yin náà mọ bí yìnyín ibí ṣe ń yọ ẹni tí ojú rẹ̀ dá pàápàá. Ẹ̀rù bà mí. Mo lọ jókòó lé bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, mug lẹ fi mu ún."

Mo ti ń retí ìfọ́tí. Wọ́n wò mí títí, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n sì na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí mi.

"Pe Mọ́mì ẹ. Ní kí wọ́n wọ taxi."

Nígbà tí Mọ́mì dé, Dádì fúnra wọn ló ròyìn, wọ́n sì da agbo náà sínú sink. Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í din ẹyin.

Dádì ti ríṣẹ́ mìíràn báyìí, a sì ti kó lọ sí àdúgbò Cornerstone. Láyé ìgbà yẹn, àwọn àgbà gbà pé ọtí díẹ̀ ń ṣe ara lóore. Lónìí, dókítà wa ní bó bá ṣe kéré tó ló ṣe sàn tó, kò tiẹ̀ sí èyí tó pọndandan. Nígbà yẹn, ife ni mo ń gbé fún Dádì. Nísinsìnyí, bí wọ́n bá mú kọ́kọ́rọ́, wọ́n á kọ́kọ́ dúró díẹ̀ níwájú mi, kí n lè wo ojú wọn. Mo mọ̀ pé wọn ò mu nǹkan kan. Síbẹ̀, mo máa ń wò ó dáadáa.