"O KU" Tí Fóònù Kọ sí Alhájà

Òórùn òrí àti ewé efinrin ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ Alhájà ní Ìlá-Ọ̀ràngún lásìkò tí mò ń sọ yìí. Alhájà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni, dókítà sì ti kìlọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀. Obìnrin tó ti ń kó iṣu láti Ìrèsì wá sọ́jà Ìlá láti ìgbà tí mo wà ní kékeré wá di ẹni tó na ẹsẹ̀ sórí àpótí, tó ń wo ọ̀kadà tó ń kọjá lójú fèrèsé. Jíjókòó lásán yẹn ló mú kí àbúrò mi gbé fóònù lọ bá wọn.

Ọmọ àǹtí mi ni àbúrò mi yìí, tíṣà Yorùbá sì ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ Alhájà fẹ́ fi ṣaya. Alhájà kò sọ pé rárá, wọn kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni àbúrò mi, ilé kéú sì ni bàbá Alhájà fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ Ìlá. "Tíṣà" ni wọ́n ń pè é, bí ìgbà tí èèyàn ń pe àlejò. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe eré orí fóònù ti gbé iṣẹ́ fún un pé kó sọ ọ̀rọ̀ inú eré àwọn di Yorùbá, ó sì ti ṣe é tìfẹ́tìfẹ́. Nígbà tí eré náà jáde, ó fẹ́ kí Alhájà rí iṣẹ́ ọwọ́ òun. Ó ní kí n tẹ̀lé òun lọ, kí n lè kọ dáadáa eré náà àti ìkùdíẹ̀-káàtó rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn tí mo ń bá ṣiṣẹ́.

N kò ní purọ́ fún ọ, eré náà dára. Káàdì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi wọ́ọ̀tì. Oníṣòwò kan ló ń ru iyọ̀ gba inú igbó lọ sílé, ìwọ sì ni oníṣòwò náà. Káàdì péréte ló máa wà lọ́wọ́ rẹ níbẹ̀rẹ̀. Bí o bá borí ẹranko kan, eré náà á gbé káàdì mẹ́ta síwájú rẹ pé kí o mú ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni wàá ṣe máa kó tìrẹ jọ. Bí o bá ṣubú, ohun tí o kó jọ lọ nìyẹn, o padà síbi tí o ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà náà kò sì ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọgbọ́n tí o ti kọ́ nìkan ló máa bá ọ lọ. Èmi ń kó gbogbo káàdì tí mo bá rí, mo sì ń ṣubú. Alhájà kọ̀. "Ọjà tí kò yá, kí ni mo fẹ́ máa rù ú kiri fún?" Díẹ̀ ni wọ́n mú, wọ́n sì ń ṣẹ́gun.

Ṣùgbọ́n ìhòòhò ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú eré náà wà. Kò sí àmì ohùn lórí lẹ́tà, kò sí àmì nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìkookò kan dí ọ̀nà mọ́ Alhájà, káàdì kan sì jáde tó ní JU OKO. Alhájà gbé fóònù jìnnà sójú.

"Tíṣà, ju ọkọ? Bàbá wọn ti lọ. Ọkọ wo ni kí n jù lu ìkookò?"

"Ọ̀kọ̀ ni, Màmá. Ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń ṣọdẹ."

"Háà. Ìgbà tí wọ́n wà láyé ló yẹ kí ẹ ti gbé e wá."

A rẹ́rìn-ín títí. Àbúrò mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ fóònù náà, ó rọra sọ sí mi létí pé, "Mo fi àmì sí i, ẹ̀gbọ́n." Kò pẹ́ tí ìkookò fi gbé Alhájà ṣánlẹ̀. Ojú fóònù ṣókùnkùn, lẹ́tà funfun gàdàgbà sì yọ: O KU.

Alhájà kà á, wọ́n tún un kà.

"Ta ló kú? Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí tábìlì iṣẹ́ abẹ dìde? Tíṣà, ìwọ lo kọ èyí?"

"Màmá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe..."

"Ìwọ lo kọ ọ́, àbí ìwọ kọ́?"

"Èmi ni, ṣùgbọ́n..."

"Ẹ gbé e kúrò níwájú mi. Ẹ máa lọ."

Ẹ̀gbẹ́ títì ni àbúrò mi ti sunkún. "Ẹ̀gbọ́n, 'Ó kù díẹ̀' ni mo kọ. Mo ro ó títí. N kò lo 'o', nítorí àgbà lè ṣe eré náà. N kò lo 'ẹ', nítorí ọmọdé náà ń ṣe é. 'Ó kù díẹ̀' kò rí ẹnikẹ́ni fín. Ó kàn ń ní kéèyàn tún gbìyànjú ni." Ilé-iṣẹ́ náà ti gé "díẹ̀" dànù, wọ́n sì ti bó àmì kúrò lórí ìyókù. Ọ̀rọ̀ ìgbani-níyànjú di èpè, orúkọ àbúrò mi ló sì wà lórí èpè náà.

Mo pe ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé ìpè náà mọ̀wà hù. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Àwọn àmì yẹn ń ba ẹwà lẹ́tà wa jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ yẹn sì gùn ju àyè tó wà lọ. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tó túmọ̀ sí."

"Ẹni tó gbọ́ Yorùbá jù nínú ilé yẹn ló kà á," mo dá a lóhùn. "Ó sì mọ ohun tó túmọ̀ sí: ó túmọ̀ sí pé ó ti kú."

Inú bí mi, inú ṣì ń bí mi. Àwọn èèyàn yìí ráyè ya irun ara ìkookò ní ìkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ráyè mú kí ewé igi máa mì nínú afẹ́fẹ́. Wọn kò ráyè fi àmì kékeré sábẹ́ lẹ́tà. Mo ṣí ti Faransé wò nínú eré kan náà: gbogbo àmì orí lẹ́tà rẹ̀ ló pé pérépéré. Ẹwà tiwọn kò bàjẹ́.

Nígbà tí a padà lọ, Alhájà kọjú sí fèrèsé. Mo ní, "Wọ́n yọ àmì orí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, Alhájà." Wọ́n yíjú.

"Àmì báwo?"

Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó pe ọ̀rọ̀ náà bí òun ṣe kọ ọ́, ó sì pè é bí wọ́n ṣe sọ ọ́ dà.

"Bíi kéú tí wọ́n bó àmì rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Màmá."

"Bàbá mi kì í gbé lẹ́tà tí kò ní àmì síwájú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kéú láé. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣi àmì kà, ó ti ṣi Ọlọ́run gbọ́." Ohùn Alhájà le. "Wọ́n wá bó tìrẹ, wọ́n fi sílẹ̀ kí n máa rò pé o ṣẹ́ èpè fún mi? Gbé e wá."

Alhájà ṣeré náà títí wọ́n fi kan ìkookò yẹn, ìkookò sì tún gbé wọn ṣánlẹ̀. O KU. Alhájà wo ojú fóònù, wọ́n sì kà á sókè ketekete: "Ó kù díẹ̀." Wọ́n na fóònù sí àbúrò mi.

"Ìyàwó mi, bá mi tún un bẹ̀rẹ̀."

Ilé Alhájà ni àbúrò mi wà báyìí. Eré náà ṣì wà bó ṣe wà, ẹnikẹ́ni kò tún un ṣe. Ẹnu ìyá àgbà tó ń gbàtọ́jú ló ń bá ilé-iṣẹ́ olówó fi àmì sórí ọ̀rọ̀, èyí kò sì tọ́. Bí wọ́n bá bi mí bí eré náà ṣe rí, mo máa ń ní ó dára, ó kàn kù díẹ̀ káàtó ni. Díẹ̀ yẹn gan-an sì ni wọ́n gé dànù.