Ìbọ̀wọ́ Tí Wọ́n Fi Ránṣẹ́ sí Òkú Ràdíyàtù

Ràdíyàtù Àrìmíyàù kú láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ní ilé ìyá rẹ̀ ní àdúgbò Treichville. Àrùn mẹ́dọ̀wú ló pa á. Kí oòrùn tó kan àtàrí, kílíníìkì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Marcory ti rán Karim awakọ̀ wọn wá pẹ̀lú páálí kan. Ẹ má rò pé owó ìsìnkú ni o. Ìbọ̀wọ́ ló wà níbẹ̀, àti ìbomú, àti awò ojú tó bo ojú pátá.

“Màmá, directeur, ọ̀gá wa, ní kí ẹ wọ gbogbo ẹ̀ kí ẹ tó wẹ̀ wọ́n,” Karim sọ fún Alhaja Ràmílátù, ẹni tó ń wẹ òkú àwọn obìnrin wa. “Ó ní ẹ̀jẹ̀ wọn, c'est dangereux, ó léwu.”

“Ìgbà wo ni wọ́n ra nǹkan yìí?”

“Ó ti pẹ́ ní magasin, yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù sí, màmá. Wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa ni.”

Alhaja wọ ìbọ̀wọ́ náà, ó wọlé lọ wẹ̀ ẹ́, ó ń sunkún. Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Kí ni iṣẹ́ Ràdíyàtù? Òun ló ń palẹ̀ yàrá iṣẹ́ abẹ mọ́. Bí dókítà bá ń la inú èèyàn, ẹ̀rọ a máa fa ẹ̀jẹ̀ àti omi ara sínú ike ńlá kan. Ràdíyàtù ló ń gbé e, òun ló ń dà á sínú sínkì, a sì máa ta sí i lójú. Ẹ̀rọ tó lè da ike náà láìsí pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kàn án wà nínú kílíníìkì náà. Aṣọ ni wọ́n fi bò ó. Bí àlejò bá ń bọ̀ láti Plateau, níbi tí ọ́fíìsì àwọn ìjọba wà, wọ́n á ṣí i, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á tún bò ó. Ṣé ẹ̀rọ ni, àbí ìyàwó ọ̀ṣìngín?

Èéfín ńkọ́? Ọ̀bẹ oníná tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró a máa jó ẹran ara, yàrá a sì kún fún èéfín. Obìnrin tó fẹ́ràn ṣúkúyà, ẹran tí wọ́n ń yan lórí iná, jù mí lọ ò lè gbóòórùn ẹran sísun mọ́. Síbẹ̀ yóò wúkọ́ tán, yóò rẹ́rìn-ín, yóò wí fún mi pé, “Ìwọ tó o mọ̀wé kọ, wá kọ èéfín yìí kí n rí i.” Mo fẹ́ràn rẹ̀, inú sì ń bí mi.

Ó bẹ Dókítà Gilbert, ọ̀gá wọn, pé kó fún òun ní awò ojú. “On va voir,” ni Gilbert wí. A ó wò ó. Ó wò ó títí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ fi dá a dùbúlẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n wá rántí pé òṣìṣẹ́ àgbàṣe ni, àìsàn rẹ̀ kò kàn wọ́n. Ṣé ẹ̀jẹ̀ inú ike mọ àgbàṣe yàtọ̀ ni?

Wọ́n ti fi Fausiatou, ọmọ àdúgbò wa, sípò rẹ̀. Ojú lásán ló fi ń da ike lónìí.

Mi ò fẹ́ ìbánikẹ́dùn wọn. Kí àwọn aláṣẹ ìlera já wọ ibẹ̀ láìránṣẹ́ ṣáájú, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo òṣìṣẹ́ wò. Kí Gilbert sì dúró níwájú adájọ́, kó kọjú sí ìyá Ràdíyàtù, kó sọ ìdí tó fi ti ilẹ̀kùn magasin náà pa nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà láàyè.