Ẹni Tó Ń Yọjú Láti Ìlú Etí Òkun

Obìnrin kan wà, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni.

Aránṣọ ni. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà lókè àtẹ̀gùn. Ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn a máa gba ara aṣọ tó fi kọ́ ojú fèrèsé wọlé, ògiri a pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, á kàn máa wò ó.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Wọ́n jà nítorí ọkùnrin tí ọmọ fẹ́ fẹ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, èyí tí ìyá sọ lọ́jọ́ náà balẹ̀, ó fọ́. Ọmọ kó ẹrù rẹ̀, ó yí nọ́ńbà fóònù padà. Ìyá ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Àbúrò aránṣọ náà, ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nísàlẹ̀ ilé, ló ń bá a gbé àwòrán aṣọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kan ó gòkè wá.

"Àǹtí mi, ẹ ti ní olólùfẹ́ o."

"Lọ́jọ́ ogbó mi? O ò níṣẹ́ ṣe nísàlẹ̀ ni?"

"Ẹnìkan ń wo ojú ewé yín ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Kì í kọ nǹkan kan, kì í ra nǹkan kan."

"Ta ni?"

"Nọ́ńbà íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nìkan ni mo rí, kì í ṣe ti fóònù. Kò sẹ́ni tó ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì láìní nọ́ńbà, bí ilé ṣe ń ní ojúlé. Ibi téèyàn bá yà sí, á fi í sílẹ̀ bí ojú ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Eléyìí ń wá láti ìlú etí òkun."

Obìnrin náà fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Àtikékeré lọmọ rẹ̀ ti ń sọ pé ibi tí òkun bá wà lòun máa gbé.

"Òun ni."

"Ẹ rọra. Nọ́ńbà kì í sọ orúkọ. Odidi ilé lè máa lo ẹyọ kan. Ó lè jẹ́ aránṣọ tó ń jí iṣẹ́ yín wò."

"Àwòrán wo ló ń wò jù?"

"Èyí tí ẹ jókòó sídìí máṣíìnì."

"Aránṣọ wo ló máa fi aṣọ sílẹ̀, táá máa wo arúgbó?"

Àbúrò rẹ̀ fọwọ́ ra orí. "Mo mọ ẹnìkan níléeṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Wọ́n mọ ilé tó ni nọ́ńbà náà. Kò yẹ kí wọ́n sọ, àmọ́ tí mo bá bẹ̀ ẹ́, á yọ́ ọ sọ. Ẹ lè kanlẹ̀kùn lọ́la."

Obìnrin náà wo ògiri. Ó fojú inú rí yàrá kan níbẹ̀, atẹ́gùn òkun ń gbé kọ́tìnì rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ jókòó pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ rọ̀. Ìyá gbọ́wọ́ sókè lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó kàn án. Ọmọ dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù.

"Ṣé ó mọ̀ pé a ń rí òun?"

"Rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀."

"Má bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé, téèyàn bá pariwo mọ́ ọn, sísá ló ń sá."

"Tí ò bá wá mọ́ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé kò wá mọ́ nìyẹn." Ó tún mú abẹ́rẹ́ rẹ̀. "Pa nọ́ńbà yẹn rẹ́, kí ẹlòmíì má fi wá a lọ. Kó o sì ya àwòrán mi. Jẹ́ kí ojú mi hàn dáadáa."

Àbúrò rẹ̀ yà á, ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tó yá, ó tún ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, ó fẹ́ sọ bóyá ẹnìkan ti wò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nawọ́ dá a dúró láti orí àga.

"Má sọ fún mi."

Ìrẹsì àti ẹyin sísè ni obìnrin náà jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó jẹ ẹ́ tán, kò sì béèrè bóyá ẹnìkan ti wo àwòrán náà.